Ọlá Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀gá Òkè

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ti ilẹ̀kùn kí o wá jókòó. Má jókòó lé ẹsẹ̀ mi o, èyí tó kù fún mi náà nìyẹn. Ẹ sún papọ̀ dáadáa, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá ti ń dé ìdajì rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì ní láti dúró dè mí.

Ẹ mọ àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ ńlá akẹ́rù. Fara-balẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ohun tó kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Ẹ fara balẹ̀." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bínú, á ní, "Fara balẹ̀, ìyá àwọn ọmọ." Ìyẹn kò mú ìbínú obìnrin rọlẹ̀ rí, ẹ̀yin ọkùnrin inú yín á mọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkàn Fara-balẹ̀ gan-an kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé páálí ọṣẹ ìfọṣọ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ọṣẹ oníyẹ̀fun yẹn tó máa ń mú imú sín. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sọ fún un pé ẹrù kò pé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fọwọ́ síwèé pé òótọ́ ni, nítorí oòrùn ń pa á, ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń pariwo lé e lórí. Ẹni tó ni ọkọ̀ bá pè é, ó ní, "Fara-balẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá tún dín níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí o yáa mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá fún mi." Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lára kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ó wá bá mi nílé, ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó káwọ́ lérí. Mo ní, "Ìwọ, bí mo bá rán ọ níṣẹ́ kí o kó ẹyin lọ fún aládùúgbò, kí ni ẹ máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà?"

Ó ní, "A jọ máa ń kà á ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Ẹyin adìẹ ni ẹ ń jọ kà, ẹrù tó kún ọkọ̀ ni o wá ń fi ojú ẹlòmíràn kà? Gbọ́ mi. Má bá wọn jà. Má fọwọ́ sí ohun tí o kò bá wọn kà. Má sì kúrò níbẹ̀." Ó ní òun ti gbọ́. Mo fún un ní tíì, ó mu ún, ó lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀gá tó ń gba ẹrù nílé ìkẹ́rùsí náà, nítorí tirẹ̀ ni ìtàn yìí. Oyè rẹ̀ gùn. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ilẹ̀ á ti ṣú: Alábòójútó Àgbà Pátápátá fún Ìgbàwọlé, Ìkàwọlé àti Ìtòjọ Ẹrù Gbogbo, Olójú Tí Kì í Ṣìnà. Àwọn alábàárù kò ní àkókò tó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Òkè.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àga bíi tèmi yìí ló ń jókòó lé. Ó lọ kí ọ̀gá iléeṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kan, ó sì rí i pé wọ́n fi pákó gbé àga ọ̀gbẹ́ni yẹn sókè díẹ̀. Ó padà dé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó pe akọ̀wé rẹ̀. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bojú tó ẹrù nígbà tí ẹrù ga jù mí lọ? Ṣé èmi ni mò ń ṣọ́ ẹrù ni, tàbí ẹrù ló ń ṣọ́ mi?"

Akọ̀wé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀yin náà rí i pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo tí akọ̀wé yìí mọ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-sà á ní, "Ọgbọ́n ló ń jáde yẹn, sà." Bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, Bẹ́ẹ̀ni-sà á pàtẹ́wọ́ fún ibi tó dákẹ́ sí.

Wọ́n pe káfíńtà kó wá ṣe pèpéle. Káfíńtà ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀gá Òkè ní ọlá kì í dúró de káfíńtà. Ni Bẹ́ẹ̀ni-sà bá wò yíká. Kí ló rí? Páálí. Ilé ìkẹ́rùsí ni, kí ni kó tún rí? Ó kó páálí díẹ̀ jọ, ó tò wọ́n, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lé wọn lórí, ó gbé àga ọ̀gá ka orí rẹ̀. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun ìgbà díẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù láyé.

Nítorí pé nígbà tí ọ̀gá gòkè, ó wù ú kó tún gòkè sí i. Ó bá dá àṣà kan sílẹ̀ tó pè ní Ìbọ̀wọ̀. Ọkọ̀ ẹrù yóò fi ẹ̀yìn wọlé, ìdí rẹ̀ á wà nínú ọgbà, orí rẹ̀ á wà níta, á dí ẹnu ọ̀nà pa. Awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á ṣí fìlà, á kọjú sí ògiri, nítorí wọ́n ní ojú awakọ̀ kò tó ìbọ̀wọ̀ wò. Bó bá ti kọjú sí ògiri tán, wọ́n á kó páálí mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀gá, ọ̀gá á fi ọ̀pá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí, á ní, "Káàbọ̀, ẹrù." Lẹ́yìn náà, ó yẹ kí wọ́n dá páálí wọ̀nyẹn padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ni-sà á gbójú sókè, á wo ojú ọ̀gá bóyá inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe ga tó. Inú ọ̀gá kì í dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ni-sà á bá ní kí ọ̀gá dìde díẹ̀ káwọn gbọn eruku kápẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ sì tó yíjú padà, páálí mẹ́wàá ti wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ni-sà kò mú ọṣẹ kan lọ sílé. Ọ̀gá pàápàá kò mọ ohun tó wà lábẹ́ òun, nítorí kò bojú wolẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gòkè. Àwọn alábàárù mọ̀ ní tiwọn, ṣùgbọ́n òfin wà lára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán ọ̀gá: ẸNI TÓ WÀ NÍSÀLẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ SỌ̀RỌ̀ NÍPA OHUN TÓ WÀ LÓKÈ. Wọ́n bá panu mọ́.

Bí ìjókòó ṣe ń ga ni ẹrù ń dín. Àkàbà ni ọ̀gá fi ń gun orí àga rẹ̀ nígbà tó yá, orí rẹ̀ sì ti fẹ́ kan irin òrùlé. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, Bẹ́ẹ̀ni-sà á ka èyí tó wà nílẹ̀, á gun àkàbà, á sọ iye rẹ̀ sí ọ̀gá létí. Ọ̀gá á di ojú méjèèjì, á la ọ̀kan, á na ìka, á kéde iye náà bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti gbọ́ ọ. Iye náà kì í pé láéláé. Bí awakọ̀ bá jiyàn, wọ́n á nawọ́ sí òfin kejì lára ògiri: ỌKỌ̀ TÍ A BÁ Ń JIYÀN LÓRÍ ẸRÙ RẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ YÍ TÁYÀ, Ọ̀GÁ KÒ SÌ GBỌDỌ̀ SỌ̀ KALẸ̀, TÍTÍ IYÀN YÓÒ FI PARÍ. Oòrùn á mú, ebi á pa awakọ̀, á fọwọ́ síwèé, á lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti pàdánù iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ọjọ́ ńlá ọ̀gá wá pé. Olú iléeṣẹ́ fẹ́ fún un ní àwo ẹ̀yẹ, nítorí wọ́n gbọ́ pé kò sí awakọ̀ tó lè tan ojú rẹ̀ jẹ. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kó àwọn àlejò wá. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn, Ìyá Alága ni wọ́n ń pè é, orúnkún ń dùn ún bíi tèmi, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Kí wọ́n tó dé, Bẹ́ẹ̀ni-sà ti ní kí wọ́n fọ ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà. Kì í ṣe pé kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Garawa lé garawa ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Ilẹ̀ náà sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìhà ibi tí ọ̀gá jókòó sí. Ẹ má gbàgbé omi yẹn o. Èmi kò gbàgbé rẹ̀.

Àwọn àlejò jókòó. Ọ̀gá Òkè la ẹnu.

"Ẹ̀yin àlejò pàtàkì," ó ní, "ẹ̀yin pàtàkì àlejò, ẹ̀yin tí pàtàkì yín wúwo ju ìwọ̀n lọ. Kí n tó dé ilé yìí, ẹrù kàn ń wọlé bí ewúrẹ́ ni. Kò kí ènìyàn, kò dágbére. Ta ló kọ́ ẹrù ní ìwà? Èmi ni. Ta ni páálí ń bẹ̀rù? Èmi náà ni. Mo ti wo páálí kan rí títí tó fi là fúnra rẹ̀."

"Ojú mi ló ṣe, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-sà wí láti ìsàlẹ̀. "Mo wà níbẹ̀."

Ìyá Alága gbé àwo ẹ̀yẹ náà fún un lórí àkàbà, ó ṣe dáadáa fún orúnkún rẹ̀ pé ó gun ìgbésẹ̀ méjì péré kí Bẹ́ẹ̀ni-sà tó gbà á gòkè. Ó fẹ́ máa lọ sílé lọ lo oògùn rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ Fara-balẹ̀ fi ẹ̀yìn wọlé, ó dí ẹnu ọ̀nà.

Inú Ọ̀gá Òkè dùn dé eyín ọ̀gàn. Ó ní, "Mà, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ máa fojú ara yín rí ojú mi lẹ́nu iṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù níléeṣẹ́ ọṣẹ, Fara-balẹ̀ ti dúró síbẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ka igba páálí wọnú ọkọ̀, wọ́n sì fi èdìdì sé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lójú rẹ̀. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já èdìdì náà, ó pe olórí àwọn alábàárù, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ṣé ẹnì kan ti ṣí i?" Ìyẹn wò ó, ó ní rárá, ó wà bí wọ́n ṣe sé e. Wọ́n wá já a. Fara-balẹ̀ ṣí fìlà, ó kọjú sí ògiri bí àṣà wọn. Ọ̀gá kí ẹrù káàbọ̀. Wọ́n gbọn eruku kápẹ́ẹ̀tì, àwọn àlejò fi agbádá bo ojú nítorí eruku. Wọ́n já ìyókù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-sà kà, ó gun àkàbà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá di ojú méjèèjì, ó la ọ̀kan.

"Àádọ́wàá," ó ní. "Ìwé ní igba. Ojú ní àádọ́wàá. Páálí mẹ́wàá ti di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ yìí."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Fara-balẹ̀ rántí ẹyin aládùúgbò.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Igba ni mo kà, èdìdì ọkọ̀ sì wà bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Kí ọwọ́ ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín kan páálí, kí tèmi náà kàn án."

"Ọwọ́?" Ọ̀gá Òkè sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹja tó ti rà lọ̀. "Ẹni tí kò lójú ló ń fọwọ́ kà. Fọwọ́ síwèé kí o máa lọ."

"N kò lè fọwọ́ sí ohun tí n kò bá yín kà, sà."

"O mọ òfin ilé yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọkọ̀ mi kò gbọdọ̀ yí táyà." Ó lọ pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́ ẹní sí òjìji ọkọ̀ náà, ó nà gbalaja. Ó pe ẹni tó ni ọkọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Sà, wọ́n ní mẹ́wàá dín. N kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo wà."

Ìyẹn ní, "O rántí ohun tí mo sọ."

"Mo rántí, sà. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Àwọn àlejò bá dìde pé àwọn ń lọ. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbà? Ìyá Alága rọra rìn lọ síbi ẹní. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wa ọkọ̀ rẹ síwájú ká lè ráyè kọjá."

Fara-balẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, ẹ máà bínú sí mi. Bó bá jẹ́ tèmi ni, kíá ni. Òfin ọ̀gá ni, ó wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn."

Ìyá Alága wo ògiri. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè sí Ọ̀gá Òkè, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó yẹ̀ fún wa."

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ mi. Òfin tí ó fúnra rẹ̀ ṣe, tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Bó bá rú u lójú àlejò, ó di ẹlẹ́nu méjì. Ó ní, "Mà, òfin kò mọ àlejò."

"Ó dára," ni Ìyá Alága wí. "Ẹ parí iyàn náà nígbà náà. Ojú yín kì í ṣìnà. Ẹ tún ẹrù náà wò." Ó yíjú sí Bẹ́ẹ̀ni-sà, ó ní, "Ìwọ, bá mi wá àga tó rọ̀ fún orúnkún mi."

Bẹ́ẹ̀ni-sà sáré lọ. Àkàbà wá dá wà. Ọ̀gá Òkè tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó di ojú méjèèjì, ó la ọ̀kan, ó pa á dé, ó la èkejì.

"Ọgọ́jọ," ó ní.

Àwọn àlejò wo ara wọn. Ìyá Alága ní, "Ẹ tún un wò."

Òógùn bo ọ̀gá. Ó la ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò ṣe rí. "Òjìlúgba," ó ní.

Fara-balẹ̀ dìde jókòó lórí ẹní. Ó ní, "Sà, bó bá jẹ́ òjìlúgba, a jẹ́ pé ogójì ti lé. Ẹ jẹ́ n máa gbé ogójì yẹn padà fún ọ̀gá mi."

Alábàárù kan fi aṣọ bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀ni-sà dé pẹ̀lú àga, wọ́n sọ fún un, ó sì dáhùn láìmí. "Ojú ọ̀gá gbòòrò ni, mà. Ó ka toní, ó ka tọ̀la mọ́ ọn."

"Ó tó," ni Ìyá Alága wí. "Ẹ jọ fọwọ́ kà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Olórí alábàárù dúró lápá kan, Fara-balẹ̀ dúró lápá kejì. Ọwọ́ méjì kan páálí kan, wọ́n jọ dárúkọ iye rẹ̀, wọ́n gbé e kọjá. Àwọn àlejò tí agbádá ń dá láàmú bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n ń bá wọn tò ó. Alákòóso owó olú iléeṣẹ́, tí kò gbé ohun tó wúwo ju bírò lọ láti ọdún yìí wá, ń gbé páálí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀gá Òkè nìkan ló wà lókè, nítorí òfin rẹ̀ ní kó má sọ̀ kalẹ̀. Omi tó ti ń mu láti àárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ sísọ ti wá ń béèrè ọ̀nà. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé tòsì, ó ń gbé tòsì lé ọ̀tún, àga ń jó lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Gbogbo wa la ti dé ibẹ̀ rí.

Wọ́n kà á tán. Ó jẹ́ àádọ́wàá.

Ibi tí ẹ̀rín ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Fara-balẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló ka igba, òun náà ló tún ka àádọ́wàá. Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì rí "fara balẹ̀" kan tó tó ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Alága ń wo ọmọ yìí, ó ń wo àwọn alábàárù, ó sì rí i pé àwọn alábàárù kò wo ẹnì kankan, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Lókè, ọ̀gá ti gbàgbé ìrora rẹ̀. "Ojú ti ṣẹ́gun ọwọ́," ó ní. "Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Láti òní lọ, ẹ̀yin àlejò mi, nígbà tí ayé bá ń béèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n kà..." Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ láti fi gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Abẹ́ rẹ̀ dáhùn pé *pṣẹ̀ẹ̀ẹ̀*.

Nǹkan funfun kan rọra yọ orí lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ó wú, ó fẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ bí wàrà tó hó kọjá ẹnu ìkòkò. Omi ìfọlẹ̀ àárọ̀ ti wọ inú páálí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀gá tó ń jó láti ìrọ̀lẹ́ sì ti bá wọn pò ó. Ọṣẹ rere ni, ó ń hó.

Bẹ́ẹ̀ni-sà rí i, kò sì jẹ́ kó ya òun lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ wò ó, mà. Àwọsánmà ń yọ lábẹ́ ọ̀gá. Ó ti ga débẹ̀."

Ìyá Alága dìde. "Alábòójútó," ó ní, "kí ló wà lábẹ́ yín?"

Ọ̀gá Òkè gbé àyà sókè. "Ọlá mi ni, mà. Ọlá mi ló wà lábẹ́ mi."

Olórí alábàárù sín. Bóyá ọṣẹ ló mú un sín, bóyá ẹ̀rín ni. Fara-balẹ̀ súnmọ́ ìdí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan ìfófòó náà, ó gbé e símú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun nínú rẹ̀. Òórùn yẹn ti wà nínú aṣọ rẹ̀ fún oṣù méjì, ìyàwó rẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Ó wo ibi tí omi gbà, ó wo bí ìjókòó náà ṣe ga tó, ó sì wo ògiri tí wọ́n máa ń ní kó kọjú sí. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Kò pariwo.

"Sà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìde díẹ̀, ká ka ọlá náà."

Ọ̀gá Òkè ní, "N kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí iyàn yóò fi parí."

Ìyá Alága ní, "Iyàn kò lè parí títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀."

Òfin wá dúró níwájú òfin, wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀gá ń rò ó. Bẹ́ẹ̀ni-sà ń wá ibi tó máa sọ bẹ́ẹ̀ ni sí, kò rí i. Ìjókòó ni kò lè dúró dè wọ́n. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó wá tẹ̀ sí iwájú. Ọ̀gá Òkè rò pé ilé ló ń yí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wí..." Àga yọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. "...ẹni tó bá wà ní ipò gíga..." Ó ń ṣàn bọ̀ lórí ìfófòó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú àwo ẹ̀yẹ láyà, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Iwájú Fara-balẹ̀ ló balẹ̀ sí, ìyẹn sì gbà á mọ́ra kó má baà fi ìdí gbálẹ̀. Ó gbé e jókòó sórí ẹní rẹ̀. Kò sí ibi kankan tó dùn ún nínú ara. Ọ̀nà kan wà tí ọ̀gá fẹ́ lọ kíá, wọ́n sì fi hàn án. Ó lọ, ó bọ̀.

Nígbà tó fi dé, àwọn alábàárù ti ń sọ̀rọ̀ papọ̀. Kò sí òkè mọ́, òfin kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Páálí mẹ́wàá tuntun wà lókè pátápátá, wọ́n gbẹ, àmì iléeṣẹ́ tó di ẹrù fún Fara-balẹ̀ wà lára wọn. Fara-balẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, olórí alábàárù kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pé igba. Lábẹ́ wọn ni àbẹ́là wà, àti ìwé àwọn ọmọléèwé, àti gbogbo ohun tí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọṣẹ ìgbà méjì tó ti wá tẹ́lẹ̀, tó ti di ẹ̀kọ.

Ọ̀gá dúró, bàtà rẹ̀ ń hó. "N kò mọ̀," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. "Mo rò pé àwọn awakọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, sà," ni Fara-balẹ̀ wí. "Ẹ kì í wolẹ̀."

Ìyá Alága gba àwo ẹ̀yẹ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha ọṣẹ kúrò lára bàtà tirẹ̀. "Ọ̀la, a ó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ni ọkọ̀ pé ẹrù wọn pé," ó ní. "Àwọn awakọ̀ tí wọ́n lé, kí wọ́n pè wọ́n padà. Ní tiyín, ẹlòmíràn ni yóò jókòó nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀yin, ẹnu ọ̀nà ni. Ẹ ó máa dúró, ẹ ó máa bá awakọ̀ fọwọ́ kan páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí awakọ̀ tí yóò kọjú sí ògiri mọ́."

Bẹ́ẹ̀ni-sà ti dé ìdí ọkọ̀ Ìyá Alága ní tirẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn dè é. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń kà, mà," ó ní.

Ìyá Alága ní, "Garawa wà níbẹ̀ yẹn. Kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri."

Bẹ́ẹ̀ni-sà sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí wọ́n sọ fún un mu.

Gbogbo òru ni wọ́n fi ka ìyókù páálí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀gá fọwọ́ síwèé pé igba. Fara-balẹ̀ kà á, ó sì fọwọ́ sí tirẹ̀. Ojúmọ́ ti fẹ́ mọ́. Ó pe ẹni tó ni ọkọ̀, ìyẹn gbé e pẹ̀lú ohùn oorun.

"Ó pé?"

"Ó pé, sà. Ti tẹ́lẹ̀ náà pé."

Ìyẹn ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ fi ṣáná sí ọkọ̀ báyìí, sà."

Ó ṣáná, ó wa ọkọ̀ síwájú, ẹnu ọ̀nà là. Ó bọ́ sílẹ̀ láti dágbére, ó sì bá ọ̀gá níbẹ̀, ó dúró lórí ilẹ̀ lásán, láìsí òkè kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó kúrú ju bí Fara-balẹ̀ ṣe rò lọ. Ojú ti tì í, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ àwọn àlejò ń rọra jáde. Ọ̀gá na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Fara-balẹ̀ rí i, ó bọ́ sí apá kejì, ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà. Ọkọ̀ kejì kọjá láàárín wọn. Ti Ìyá Alága ló kẹ́yìn, ó ti sùn lọ nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Mélòó lo kà?" ni ọ̀gá béèrè.

"Mẹ́ta, sà."

Ọ̀gá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí eruku ọkọ̀ ti bò. "Mẹ́ta lèmi náà kà," ó ní. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ àwọn àlejò sì yí kọ́nà, ilẹ̀ mọ́.